Iná São João ní Brazil: Ọdún òtútù tí Ifọ́n àti Ìlobù ní ìpín nínú rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, lọ́dọọdún, wọ́n máa ń dá iná ńlá síwájú ọ̀pọ̀ ilé ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Brazil. Ọdún Jòhánù Mímọ́, ìyẹn Jòhánù Onítẹ̀bọmi, ni wọ́n ń ṣe. São João ni wọ́n ń pè é ní èdè Potogí. Ẹlòmíì lè bi wá pé, kí ló kan ará Ìlobù nínú èyí? Ó kàn wá dáadáa. Ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, àwọn ilé òrìṣà náà máa ń dá iná ní oṣù yìí kan náà, Ṣàngó ni wọ́n sì ń dá a fún. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ nídìí iná yẹn, ọ̀nà Ifọ́n ló lọ.

Báwo ni ọdún yìí ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ìhìnrere Lúùkù sọ pé nígbà tí áńgẹ́lì bá Màríà sọ̀rọ̀, oyún Èlísábẹ́tì ti pé oṣù mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí ìjọ Kátólíìkì fi fi ìbí Jòhánù sí ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, oṣù mẹ́fà ṣáájú Kérésìmesì. Àwọn ará Brazil tún ní ìtàn kan tí kò sí nínú Bíbélì. Wọ́n ní Èlísábẹ́tì àti Màríà ti jọ sọ ọ́ pé, tí ọmọ bá ti délẹ̀, Èlísábẹ́tì á dá iná sórí òkè kí Màríà lè rí i lókèèrè. Iná ìròyìn ayọ̀ ni, nìyẹn.

Àwọn Potogí ló gbé ọdún náà dé Brazil. Ní ilẹ̀ tiwọn, ìgbà ooru ni oṣù Kẹfà, ìgbà tí ọ̀sán gùn jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún náà dé Brazil, ó bọ́ sí ìgbà òtútù. Òtútù Salvador kò le púpọ̀, òjò ló pọ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ìlú orí òkè tó wà nínú lọ́hùn-ún, èèyàn á wá iná yá lóòótọ́.

Ẹni mímọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń dá iná fún nínú oṣù náà: Anthony Mímọ́ ní ọjọ́ 13, Jòhánù ní ọjọ́ 24, àti Pétérù ní ọjọ́ 29. Bí wọ́n ṣe ń to igi ti kálukú yàtọ̀. Ti Anthony, onígun mẹ́rin ni. Ti Jòhánù, roboto nísàlẹ̀, ṣóńṣó lókè. Ti Pétérù, onígun mẹ́ta.

Oúnjẹ ńkọ́? Àgbàdo tuntun ni, torí ìgbà ìkórè àgbàdo ni, bó ṣe ń jáde níbí náà ní oṣù Kẹfà. Wọ́n á sun ún, wọ́n á sè é. Wọ́n tún máa ń lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àgbọn àti ṣúgà sí i, wọ́n á pọ́n ọn sínú háhá àgbàdo, wọ́n á sè é. Pamonha ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tó bá ti jẹ sapala rí á dá a mọ̀. Ẹ̀pà sísè náà kì í wọ́n níbẹ̀. Ijó forró ni wọ́n ń jó sí i. Ìlú Campina Grande àti Caruaru sì ti ń bá ara wọn du ipò ìlú tí São João rẹ̀ tóbi jù.

Àṣà kan wà nídìí iná yìí tó yẹ ká mọ̀. Èèyàn méjì tí kò bá ara wọn tan lè búra nídìí iná São João, kí wọ́n sì jọ yí i po tàbí kí wọ́n fò ó. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n di ẹbí. Ìbátan iná ni, wọ́n sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un títí ayé.

Iná ò sì ṣeé fi ṣeré o. Ní Cruz das Almas, ní Bahia, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ju iṣẹ́ iná lu ara wọn lójú pópó ní àsìkò ọdún yìí. Èèyàn ń jóná. Láti ọdún 2011 ni ilé ẹjọ́ ti fòfin dè é.

Báwo ni Ṣàngó ṣe débẹ̀?

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Bahia. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n máa bọ òrìṣà ní gbangba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bi ẹrú pé kí ló dé tó ń dá iná ní ọjọ́ ọdún Jòhánù tàbí Pétérù. Ṣàngó ló ni iná, abẹ́ orúkọ àwọn ẹni mímọ́ yìí ni wọ́n sì ti ń sìn ín.

Ilé tó lókìkí jù nínú àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ ní Salvador ni Casa Branca, tí wọ́n ń pè ní Ilé Àṣẹ Ìyá Nasọ̀. Ìyá Nasọ̀, ẹ ò ní gbàgbé, oyè olórí nínú ìsìn Ṣàngó ní ààfin Ọ̀yọ́ ni. Ní ọdún 1984, ìjọba Brazil gbà á sí ara ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Inú rẹ̀ ni Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá ti yọ. Eugênia Anna dos Santos, tí wọ́n ń pè ní Mãe Aninha, ló dá a sílẹ̀ ní 1910. Ìyá Stella, tó wá di olórí ilé náà, wà lára àwọn ìyálórìṣà tó kéde ní 1983 pé òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, kí wọ́n má pa wọ́n pọ̀ mọ́. Síbẹ̀, iná oṣù Kẹfà kò kú.

Ìtàn Olúfọ́n

Àwọn ará Bahia mọ Òrìṣà Olúfọ́n dáadáa. Oxalufã ni wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n ní bàbá arúgbó yìí gbéra láti Ifọ́n, ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Lójú ọ̀nà ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó mú un dání. Àwọn ẹ̀ṣọ́ pè é lólè, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n fún ọdún méje. Òjò ò rọ̀, obìnrin ò bímọ, títí Ifá fi sọ fún Ṣàngó pé àgbàlagbà kan ń jìyà láìṣẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n fi omi wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun. Airá, tí wọ́n kà mọ́ àwọn Ṣàngó níbẹ̀, ló sin bàbá náà padà sílé. Òtútù ń mú bàbá lọ́nà, Airá sì dá iná fún un kí ó yá. Iná yẹn ni wọ́n ń rántí.

Erinlẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Inlé ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Pierre Fátúmbí Verger, ará Faransé tó rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá àti Bahia, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìlobù, létí odò Erinlẹ̀, ni ìsìn rẹ̀ ti wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobù, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nítorí ìjà ilẹ̀. Ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò. Ní Bahia, àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ń bọ Erinlẹ̀ àti Olúfọ́n nínú agboolé kan náà, kò sì sẹ́ni tó ń bi àwọn méjèèjì pé ibo ni ààlà oko wọn dé.

Tí oṣù Kẹfà bá dé, tí ẹ bá ń sun àgbàdo tuntun, ẹ rántí pé wọ́n ń sun tiwọn náà lọ́hùn-ún, nídìí iná tí wọ́n dá torí kí òtútù má pa àgbàlagbà Ifọ́n.