Ọ̀rọ̀ náà Raamattu, àti Ọ̀nà tí Ó Gbà dé Ilẹ̀ Fínlándì

Raamattu ni àwọn ará Fínlándì, ní àríwá Yúróòpù, ń pe Bíbélì Mímọ́. Èdè wọn kọ́ ni ó bí ọ̀rọ̀ náà, àlejò ni. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí ó ti wá.

Ní èdè Gíríkì, grammata ni àwọn lẹ́tà tí a fi ń kọ̀wé. Àwọn ará Rọ́ṣíà àtijọ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn Gíríkì, wọ́n sì sọ ọ́ di gramota, èyí tí í ṣe ìwé kíkọ. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá àwọn ará Fínlándì, ahọ́n wọn kò gba g àti r pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí tiwa kì í ti í gbà á. Wọ́n ju g nù, wọ́n sì pa r mọ́. Ọ̀nà kan náà ni risti, èyí tí í ṣe àgbélébùú, gbà wọlé, àti pappi, èyí tí í ṣe àlùfáà, àti pakana, èyí tí í ṣe kèfèrí.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ pàtàkì wà. Swídẹ̀n, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn, ni ó jọba lórí Fínlándì fún ọdún tí ó tó 600, títí di ọdún 1809. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ó sì fi ìdí ìjọ múlẹ̀ níbẹ̀. Èéṣe, nígbà náà, tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fi ti ìlà-oòrùn wá? Ìdí rẹ̀ ni pé ìròyìn àgbélébùú ti tọ̀ wọ́n wá láti ìhà Rọ́ṣíà kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà tó dé. Àwọn tí ó mú un wá kò fi ìwé sílẹ̀ nípa iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn pa ẹ̀rí náà mọ́.

Mikael Agricola tẹ ìwé ABD jáde ní èdè Fínlándì ní ọdún 1543, ó sì tẹ Májẹ̀mú Titun ní 1548. Nígbà tí odindi Bíbélì jáde ní 1642, ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ gbé orúkọ méjèèjì: Biblia ti ìwọ̀-oòrùn, àti Ramattu, bí a ti ń kọ ọ́ nígbà náà. Àwọn ènìyàn yan èyí tí àwọn baba wọn ti mọ̀, òun ni wọ́n sì ń lò títí di òní.

Nítorí náà, kí a má ṣe kẹ́gàn ọ̀rọ̀ nítorí pé ó jẹ́ àlejò. Àlejò tí ó pẹ́ nílé a di ọmọ ilé, a sì máa rántí ohun tí onílé ti gbàgbé.