Ọ̀ta, òpè àti ẹ̀rọ: irú ọgbọ́n àtọwọ́dá tó wà àti èyí tí kò tíì sí

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ló ti di olùkọ́ báyìí, ìbéèrè kan náà ni ẹ sì ń fi ránṣẹ́ sí mi: báwo lèèyàn ṣe lè ṣàlàyé irú àti ìpele ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, fún ọmọ ọdún méjìlá? Ìpín tí ẹ sábà máa ń bá pàdé jẹ́ mẹ́rin: ẹ̀rọ tó kàn ń fèsì sí ohun tó wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ní ìrántí díẹ̀, ẹ̀rọ tó mòye ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn, àti ẹ̀rọ tó mọ ara rẹ̀. Ọ̀nà tí Arend Hintze, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan, gbà tò ó ní ọdún 2016 nìyẹn. Kò burú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ọmọ ń kọ́ ọ sórí bí ẹni ń ka orúkọ ìpínlẹ̀ àti olú-ìlú wọn, láìsí ẹni tó sọ fún wọn pé méjì àkọ́kọ́ nìkan ló wà. Hintze fúnra rẹ̀ kò fi èyí pa mọ́.

Ìtàn ni mo máa fi ṣàlàyé, ìtàn eré orí ọpọ́n, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tó dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀ ti kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ wọn wò.

Alan Turing, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ òfin tí ẹ̀rọ yóò fi máa ta chess kí kọ̀ǹpútà tó lè tẹ̀lé òfin náà tó wà. Kí ló wá ṣe? Òun fúnra rẹ̀ di ẹ̀rọ. Ní ọdún 1952, ó jókòó ti Alick Glennie pẹ̀lú bébà àti gègé, ó ń ṣírò, ohun tí ìṣirò bá sì sọ ló ń ta. Glennie ló borí. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, nítorí pé kò sí ohun àràmàǹdà kankan nínú rẹ̀: òfin rèé, bébà rèé, èèyàn tó ń tẹ̀lé òfin rèé. Ọmọ kíláàsì yín kan lè ṣe ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́la, kó má sì mọ chess rárá.

Orúkọ tí à ń pe ìmọ̀ náà jáde nínú ìwé ìbéèrè owó tí John McCarthy àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ ní ọdún 1955. Ìpàdé náà wáyé ní Dartmouth, ní Amẹ́ríkà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1956. Èèyàn mẹ́wàá, oṣù méjì, ni wọ́n béèrè fún, wọ́n sì rò pé àwọn yóò ti lọ jìnnà. Oṣù méjì o! Ẹ ṣírò iye ọdún tó ti kọjá fúnra yín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní awari, ọmọ ìyá ayò ọlọ́pọ́n tiwa ni: ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit, ní Amsterdam, lo ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà tó ní processor 144 láti yẹ gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà wà lórí ọpọ́n wò. Iye rẹ̀ jẹ́ 889,063,398,406. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láti orí ọpọ́n tí ọmọ ayò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí rẹ̀, wọ́n sì ń padà bọ̀ títí dé orí 48. Kí ni wọ́n bá? Bí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣìṣe kankan, ọ̀mì ni.

(Ẹ má lọ sọ fún àwọn àgbà abẹ́ igi o, pé ẹ̀rọ òyìnbó ti gba ayò lọ́wọ́ wọn. Òfin awari kò bá tiwa mu délẹ̀délẹ̀.)

Ẹ̀rọ yẹn mọ gbogbo ohun tó ṣeé mọ̀ nípa awari. Síbẹ̀, irú kìíní ni: ó wo ọpọ́n, ó fèsì. Ẹ wá fi wé ọ̀ta gidi. Ọ̀ta kì í wo ọpọ́n nìkan, ojú ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ló ń wò. Á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí inú á fi bí i. Á ṣe bí ẹni pé òun ò rí ihò kan, kí òpè lè kó sínú rẹ̀. Ó mọ ohun tí òpè ń rò, ó sì mọ ohun tí òpè rò pé òun ń rò. Irú kẹta tí Hintze ń sọ gan-an nìyẹn. Àgbàlagbà tí kò lọ sílé ìwé rí ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tí mo gbà pé ó ń ṣe é.

Inú irú kìíní náà ni Deep Blue wà, ẹ̀rọ IBM tó borí Garry Kasparov ní New York ní ọdún 1997, pẹ̀lú máàkì mẹ́ta ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀. Igba mílíọ̀nù ìrísí ọpọ́n ló lè yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú kejì ni ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, tó ní láti máa ṣọ́ eré ọkọ̀ tó wà nítòsí fún ìgbà díẹ̀ kó tó yà.

Ibi tí èmi àti Hintze ti yapa ni AlphaGo, ẹ̀rọ tó borí Lee Sedol ní Seoul ní oṣù kẹta ọdún 2016, mẹ́rin sí ẹyọ kan. Inú àpótí kan náà pẹ̀lú Deep Blue ló fi í sí. Lójú tèmi, ibi tí ẹ̀rọ ti rí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn ló kọ púpọ̀ nínú ohun tí Deep Blue mọ̀ sínú rẹ̀. AlphaGo kọ́ tirẹ̀ lára eré tí àwọn èèyàn ti ta, lẹ́yìn náà ó ń bá ara rẹ̀ ta á. Arábìnrin rẹ̀, AlphaZero, kò tilẹ̀ wo eré ẹnikẹ́ni ní ọdún 2017. Òfin eré nìkan ni wọ́n fún un. Èrò náà kì í ṣe tuntun, nítorí pé Arthur Samuel ti ní ẹ̀rọ dráfù tó ń kọ́ ara rẹ̀ ní IBM, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1959.

Irú lèyí. Ìpele yàtọ̀: bí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe ṣe gbòòrò tó ló ń sọ. Ìpele kìíní mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tàbí díẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo dárúkọ wà níbẹ̀. Ìpele kejì lè ṣe ohunkóhun tí ọpọlọ èèyàn lè ṣe. Ìkẹta ju èèyàn lọ pátápátá, irú èyí tí I. J. Good kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1965. ChatGPT, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ló da ọ̀rọ̀ rú, torí pé ó ń kọ lẹ́tà, ó ń ṣírò, ó ń tú èdè. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn. Èmi ò tíì gbé e sí ìpele kejì.

Kí ló wá kàn mí tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ wa ń bá fóònù sọ̀rọ̀ àṣírí lóru. Joseph Weizenbaum ní MIT ti rí i tipẹ́. Ní ọdún 1966, ó gbé ELIZA jáde, ètò kékeré kan tó ń mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, tó sì ń yí i padà sí ìbéèrè. Bí o bá ní inú rẹ bà jẹ́, á bi ọ́ nípa ìbànújẹ́ rẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Deep Blue gan-an jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n akọ̀wé Weizenbaum jókòó tì í, ó kọ gbólóhùn díẹ̀ sí i, ó sì bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jáde kúrò nínú yàrá. Obìnrin náà kò ṣàìmọ̀. Ojú rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ṣe fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ ọ́.