Kinderdijk: Abúlé Tí Oko Rẹ̀ Rẹlẹ̀ Ju Odò Lọ

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé láti òkè ni omi ti ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Àgbẹ̀ etí odò mọ̀ pé bí òjò bá dá, omi oko òun yóò wọ́ lọ sínú odò. Ṣùgbọ́n ní Kinderdijk, abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Họ́láńdì, níbi tí odò Lek àti odò Noord ti pàdé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Odò ni ó wà lókè, oko ni ó wà nísàlẹ̀.

Báwo ni ó ṣe di bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ àbàtà ni àgbègbè náà, tí a ń pè ní Alblasserwaard. Láyé àtijọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ti gbẹ́ kòtò láti fa omi rẹ̀ jáde. Wọ́n rí ilẹ̀ dáko, wọ́n rí koríko fún màlúù. Ṣùgbọ́n bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbẹ, ńṣe ni ó ń súnkì, tí ó sì ń rì. Bí wọ́n ti ń fa omi tó ni ilẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tó; bí ilẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀ ni ewu omi ń pọ̀ sí i. Wọ́n mọ odi erùpẹ̀ sí etí odò. Àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ àyà: ní ọdún 1277, Floris Karùn-ún tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà mú kí àwọn abúlé àgbègbè náà pawọ́ pọ̀ tọ́jú odi àti kòtò wọn.

Síbẹ̀, ní òru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 1421, ìjì líle gbé omi dé, odi já, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣègbé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni pé lẹ́yìn ìjì náà, àwọn ènìyàn rí ibùsùn ọmọ-ọwọ́ kan tí ó léfòó bọ̀, tí ológbò kan ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí rẹ̀ kí ó má baà dojú dé. Omi kò kan ọmọ náà rárá. Wọ́n ní ìdí nìyí tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Kinderdijk, èyíinì ni Odi Àwọn Ọmọdé.

Ilé ẹ̀rọ 19 ni ó sọ abúlé náà di olókìkí. Ní nǹkan bí ọdún 1738 sí 1740 ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá gígùn mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ ń yí. Bí apá wọ̀nyí ti ń yí ni àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá kan ń bu omi láti ìsàlẹ̀ sínú adágún tí ó ga jù ú lọ. Níbẹ̀ ni omi yóò dúró sí títí odò Lek yóò fi fà; nígbà náà ni wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn, tí omi yóò sì jáde. Inú ilé ẹ̀rọ náà ni olùtọ́jú rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dé lóru, oorun parí nìyẹn.

Ní ọdún 1868, ẹ̀rọ tí ooru omi híhó ń yí dé láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí epo wọ́n, àwọn ilé ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n tún sáré padà sí. Ní ọdún 1953, ìkún omi òkun pa ènìyàn 1,836 ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Ní ọdún 1997, àjọ UNESCO ka àwọn ilé ẹ̀rọ Kinderdijk mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.

Ẹ kíyè sí i pé omi kò tíì túúbá fún wọn. Ẹ̀rọ òde òní ń fa omi lójoojúmọ́, ilẹ̀ sì ń rì síbẹ̀. Ohun tí baba gbà lọ́wọ́ omi, ọmọ gbọ́dọ̀ tún un gbà.