Kí Ni Darandaran Ń Sá Fún? Àgbéyẹ̀wò Èrò Lórí Ìgbé Ayé Aṣíkiri àti Agbára Ìjọba

Àwọn onímọ̀ tó ti kọ̀wé lórí aṣíkiri kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó ń lé wọn kiri. Àwọn kan ní koríko àti omi ni wọ́n ń wá. Àwọn mìíràn ní ìjọba ni wọ́n ń sá fún. Èrò méjèèjì ni mo gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, pẹ̀lú ìtàn àwọn Fúlàní Wodaabe tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Bororo. Ohun tí ìtàn wọn fi yé mi ni pé darandaran kò kọ ará ìlú. Ohun tó kọ̀ ni kí ìjọba ka ẹran òun, kí ó sì fi iye náà so òun mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nínú Muqaddimah, tí Ibn Khaldun kọ ní 1377, ó ní ìṣọ̀kan ẹbí ni àwọn ará aṣálẹ̀ fi ń ṣẹ́gun ìlú, àti pé bí wọ́n bá gba ìlú tán, ìgbádùn á jẹ ìṣọ̀kan ọ̀hún run láàárín ìran mélòó kan. Ní 1974, Pierre Clastres, tó ti gbé láàárín àwọn ọdẹ Guayaki ní Paraguay, jiyàn pé àwùjọ tí kò ní ọba lè jẹ́ àwùjọ tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọba. James C. Scott gbé e gba ọ̀nà mìíràn ní 2009: ó ní àwọn tó sá lọ sórí àwọn òkè Gúúsù-Ìlà-oòrùn Éṣíà fẹ́ràn irè oko bí ẹ̀gẹ́, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé, agbowó-orí kò sì lè kó o bí ìrẹsì tó pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú gáà Wodaabe wò. Kò ní ògiri. Ibùsùn ìyàwó àti àwọn igbá rẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn, ibi tí màlúù ń sùn wà ní ìwọ̀-oòrùn. Okùn gbọọrọ kan tí wọ́n ń so ọmọ màlúù mọ́ ló la gáà sí méjì, apá obìnrin àti apá ọkùnrin. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí, wọn á tú ibùsùn, wọn á dì í lé ẹran lẹ́yìn, ó parí.

Àṣà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní habbanaye. Ẹnì kan á yá ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan rẹ̀ ní abo màlúù. Ẹni tó gbà á á mú ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá bí, lẹ́yìn náà á dá ìyá wọn padà. Ìfẹ́ ni, ààbò lọ́wọ́ àrùn àti ọ̀dá sì ni. Ṣùgbọ́n bí màlúù ẹnì kan bá fọ́n ká sí oríṣiríṣi gáà, tí ti ẹlòmíràn sì wà nínú agbo tirẹ̀, ta ni yóò ka ọrọ̀ rẹ̀ fún ìjọba?

Ìjọba sì fẹ́ kà á. Ní Àríwá Nàìjíríà, àwọn amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí lórí màlúù kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní jangali. Àwọn darandaran ń kó ẹran pamọ́ sínú igbó, wọ́n sì ń kọjá sí àgbègbè mìíràn nígbà kíka ẹran. Derrick Stenning, tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn Wodaabe Borno jáde ní 1959, ya ìṣíkiri ọdọọdún sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣílọ pátápátá. Àkọ́kọ́ ń tẹ̀ lé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Èkejì ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, tàbí tí ìlú bá le mọ́ wọn. Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló gbìyànjú láti fìdí wọn kalẹ̀: Muhammad Bello, tó jọba ní Sókótó láti 1817 sí 1837, tí òun náà jẹ́ Fúlàní, rọ àwọn darandaran láti tẹ̀dó. Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ẹ̀yà lọ.

Níbi tí ìjọba ti fi tipá mú darandaran tẹ̀dó, ẹ̀mí ló bá a lọ. Ní Kazakhstan, lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, ìyàn 1930 sí 1933 pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 ènìyàn, àwọn Kazakh ló sì pọ̀ jù. Ní Ìráànì, nígbà tí Reza Shah fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1941, ọ̀pọ̀ darandaran Qashqai tó ti fipá mú jókòó tún bọ́ sójú ọ̀nà.

Síbẹ̀, mi ò lè gba tàwọn tó sọ aṣíkiri di ọ̀tá ìlú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Anatoly Khazanov ti fi hàn ní àwọn ọdún 1980 pé kò sí darandaran tí ẹran nìkan tó fún. Obìnrin Wodaabe ń gbé wàrà lọ sọ́jà kó lè ra jéró. Àwọn ọjà tiwa náà mọ Fúlàní oníwàrà dáadáa. Ẹni tó ń ná ọjà ìlú kò kọ ìlú.

Lórílẹ̀-èdè wa, òfin ibùjẹ ẹran ti wà ní Àríwá láti 1965, Èkìtì ṣòfin lórí ìdaran ní 2016, àwọn gómìnà Gúúsù sì fohùn ṣọ̀kan ní Asaba ní 2021 pé kí dída ẹran kiri dópin. Oko tí ẹran jẹ kì í ṣe àròsọ, àgbẹ̀ tó pàdánù ẹ̀mí tàbí irè rẹ̀ yẹ kó rí ìdájọ́ òdodo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí a fi ń ṣe irú òfin wọ̀nyí, ọwọ́ àwọn tó ń ka ẹran ló ti wá. Ẹ̀yin olùwádìí ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn gáà wà ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ibẹ̀ sì gbọ́ Yorùbá. Ẹ lọ bá wọn, ẹ bá àgbẹ̀ tó múlé tì wọ́n náà, kí ẹ sì kọ ohun tí àwọn méjèèjì bá sọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe òfin tó kàn.