Ṣọ́ọ̀ṣì Kristi ní Marina àti Itẹ́ Òkú Ajẹ́lẹ̀

Màmá àgbà wa ni wọ́n kọ́kọ́ mú mi wọ Kàtídírà Ṣọ́ọ̀ṣì Kristi ní Marina, l'Ékòó. Mo rò pé ìsìn ni a bá lọ. Màmá kò tilẹ̀ jókòó; ibi ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni wọ́n gbà lọ tààrà.

Ilé tí à ń wò lónìí kọ́ ni ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1867 ni a fi òkúta ìpìlẹ̀ ti àkọ́kọ́ lélẹ̀. Ní 1924, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí òmíràn. Ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó di Ọba Edward Kẹjọ lẹ́yìn náà, ni ó fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1925, ṣùgbọ́n 1946 ni iṣẹ́ tó parí. Ọmọ tí a bí lọ́dún òkúta yẹn ti pé ọdún 21, ogun àgbáyé kejì sì ti jà tán!

Ilé náà rẹwà, n kò lè purọ́. Fèrèsé rẹ̀ ga, orí wọn ṣóńṣó; bí oòrùn bá gba inú gíláàsì aláràbarà wọn kọjá, àwọ̀ a máa rìn lórí àga. T. K. E. Phillips tẹ dùùrù fún ìjọ yìí láti 1914 títí di 1962, nítorí náà ó bá ilé àtijọ́, ó sì bá tuntun.

Crowther kò bá tuntun láàyè. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, a sì sin ín sí Ajẹ́lẹ̀. Nígbà tí a tú itẹ́ òkú náà ká, a gbé eegun rẹ̀ wá sínú Kàtídírà ní 1976. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ó ṣe olórí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, yẹ kó ní ibùsùn tó dára.

Ṣùgbọ́n káfíńtà kan náà wà ní Ajẹ́lẹ̀, bàbá tó bí bàbá màmá àgbà.

"Bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbé wá, ọmọ mi. A ò mọ ibi tí wọ́n kó tiwa sí."

Màmá fọwọ́ kan òkúta ìrántí náà bí ẹni pé ti káfíńtà ni. Kí a tó jáde, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún orúkọ rẹ̀ pè, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìtàn mi.