Kí Oníṣègùn Eyín Tó Dé Èkìtì

Ihò kékeré kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ìyá mi, lápá òsì, nísàlẹ̀ níbi tí egungun àgbọ̀n ti yí sókè. Nígbà tí a wà ní ọmọdé ní Ìyìn-Èkìtì, èrò wa ni pé ọta ìbọn ló bà á níbẹ̀, a sì máa ń fi ìtàn náà yangàn fún àwọn ọmọ ilé kejì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé eyín ló dá ihò náà. Eyín kan jẹrà nígbà tí màmá wà ní ọmọge, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ọyún sì wá ọ̀nà títí ó fi lu awọ ara jáde. Ó ṣàn fún oṣù mélòó kan kí ó tó gbẹ. Màmá a máa sọ pé orí òun ló bá òun ṣe é, nítorí pé ọyún ti àwọn mìíràn tí òun mọ̀ kò rí ọ̀nà ìta.

Àpá yẹn ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé àwọn baba ńlá wa kò mọ àìsàn eyín rárá, tàbí tí ẹlòmíràn ń sọ pé inú òkùnkùn biribiri ni wọ́n wà títí òyìnbó fi dé. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n mọ bí a ti ń dáàbò bo eyín, wọ́n sì mọ bí a ti ń mú ìrora rọlẹ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ọ̀nà láti bá ìdíbàjẹ́ tí ó ti wọ inú egungun jà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ní ilé àtijọ́, ọmọ tí kò tíì fọ ẹnu kì í kí àgbàlagbà. Orín ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, oríṣiríṣi ló sì wà: orín ata, orín ìdí, orín àyàn, igi ewúro, igi orógbó, àti pákò Ìjẹ̀bú tí àwọn oníṣòwò ń gbé kiri. Ọ̀gá nínú wọn, lójú tèmi, ni orín ata. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń rún. Yóò kọ́kọ́ ta ẹnu bí ata, lẹ́yìn náà ahọ́n àti èrìgì yóò kú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí eyín ń dùn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìwúlò rẹ̀ fún un.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1971, El-Said, Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí bí omi tí a fún lára àwọn orín ilẹ̀ wa ṣe ń kojú àwọn kòkòrò àìfojúrí. Ní ọdún kan náà, Sofowora àti Isaacs tún kọ̀wé pé omi gbòǹgbò orín ata lè dá ìrísí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà nínú ìgò àyẹ̀wò, èyí tí ó kan àwọn tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Igi tí màmá fi ń fọ ẹnu ni wọ́n ń sọ yìí o.

Oúnjẹ náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Iyán, ẹ̀fọ́, ẹran ìgbẹ́ àti obì ni Èkìtì ń jẹ. Ṣúgà kò tíì dé, oyin kì í sì í ṣe ohun tí à ń jẹ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, eyín ń bàjẹ́. Bí kò bá bàjẹ́ ni, èdè wa kì bá tí ní orúkọ fún un.

Akokoro ni orúkọ náà, àlàyé tí wọ́n sì ṣe fún un ni pé kòkòrò ló wọ inú eyín tí ó ń jẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Bábílónì ìgbàanì kọ ọ̀rọ̀ kòkòrò eyín sára wàláà amọ̀. Ní Róòmù, Scribonius Largus, oníṣègùn ayé Késárì Kíláúdíù, dámọ̀ràn pé kí aláìsàn fi èéfín irúgbìn ewéko kan fín ẹnu, kí kòkòrò lè já bọ́. Ọ̀nà yìí wà ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ènìyàn sì máa ń rí ohun funfun tín-ín-tìn-ìn-tín nínú omi lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ inú irúgbìn tí iná là ni wọ́n ń rí. Ọdún 1728 ni Pierre Fauchard, ará Faransé tí ọ̀pọ̀ ń pè ní baba ìṣègùn eyín òde òní, tẹ ìwé jáde tí ó fi ta ko ìtàn kòkòrò náà. Ní 1890, W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ṣàlàyé pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí nínú ẹnu ń sọ ṣúgà àti oúnjẹ mìíràn di omi kíkan tí ń jẹ eyín. Kí ni a wá ń pe àwọn ohun ẹlẹ́mìí náà ní Yorùbá lónìí? Kòkòrò ni. Ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni àwọn baba wa ṣì.

Bí akokoro bá ti mú ènìyàn, ìtọ́jú ilé ló ń kọ́kọ́ gbà. Wọn yóò fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ́ ẹnu. Wọn yóò fi áṣáà tàbí káún dí ihò eyín. Ọkùnrin a gbé ògógóró sẹ́nu, a mú un dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí ó ń dùn, kò sì dájú pé gbogbo rẹ̀ ni yóò tu dànù. Ẹni tí ó bá rí kànáfùrù lọ́wọ́ oníṣòwò yóò rún un mọ́ eyín náà. Kànáfùrù yìí ṣiṣẹ́ ní tòótọ́: òróró inú rẹ̀ ń pa ìrora, àwọn oníṣègùn eyín òde òní sì ń lò ó títí di òní. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, ewé tí a rà lórí iná àti òrí ni wọn yóò fi bò ó, babaláwo tàbí oníṣègùn a sì sín gbẹ́rẹ́ sí i pẹ̀lú ọfọ̀. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Ní ti yíyọ eyín, èyí tí ó bá ti ń mì ni ọwọ́ àti òwú ń yọ. Èyí tí ó bá fi gbòǹgbò múlẹ̀ ni ìṣòro wà. Kì í ṣe pé a kò mọ bí a ti ń fi irin kan eyín, nítorí àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni pípa èjí fún ẹwà. Àwọn onígbàjámọ̀ Haúsá náà ń kiri ìlú, wọ́n ń fárí, wọ́n ń gé bèlúbèlú. Ṣùgbọ́n láti fa eyín ńlá ẹ̀yìn ẹnu tu láìsí ohun tí yóò pa ìrora, iṣẹ́ ogun ni. Èyí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, oṣù December ọdún 1844 ni Horace Wells, oníṣègùn eyín, tó jẹ́ kí wọ́n yọ eyín òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ó fa afẹ́fẹ́ apani-lẹ́rìn-ín símú. Ní 1846 ni William Morton fi éétà hàn ní gbangba ní Boston.

Nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Oóyè, Iléṣà, ní 1930, tí ó sì tàn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀nà mìíràn tún ṣí. Wọ́n kọ́ àwọn onígbàgbọ́ láti pa àgbo àti oògùn òyìnbó tì, kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà àti omi ìyè. Bí eyín bá ń dun ẹni tí ó ti da àgbo rẹ̀ nù, omi ni yóò mu.

Ibi tí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ti parí agbára ni egungun àgbọ̀n. Bí ọyún bá sọ̀kalẹ̀ láti ìdí eyín ìsàlẹ̀, ó lè gba abẹ́ ahọ́n wọ ọrùn, kí ọ̀nà èémí sì dí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wilhelm von Ludwig, ará Jámánì, ṣàpèjúwe àìsàn yìí ní 1836, ṣùgbọ́n òun náà kò ní oògùn rẹ̀. Ìyá mi àgbà sọ fún mi nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ọrùn rẹ̀ wú lọ́jọ́ ọjà tí kò sì rí ọjà tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ọ̀tá ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọdé tí àgbọ̀n wọn ń wú, tí eyín wọn ń mì láìṣe pé ó jẹrà. Ọdún 1958 ni Denis Burkitt kọ̀wé láti Ùgáńdà pé irú jẹjẹrẹ kan ni, wọ́n sì rí i ní Ìbàdàn náà. Ta ni yóò bá onígbẹ̀ẹ́rẹ́ wí pé kò mọ̀ ọ́n?

Àárín àwọn ọdún 1960 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó. Lónìí, ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó àti ní Ìdó-Èkìtì tí a ti lè tọ́jú eyín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí yà mí lẹ́nu. Orín ata tí ó dára la pa tì, ṣúgà la gbà dípò rẹ̀, ìtọ́jú ihò eyín sì tún burú ju ti àtijọ́ lọ: dípò kànáfùrù, àwọn kan ń kán omi bátìrì ọkọ̀ sínú eyín. Ásíìdì ni omi náà. Yóò jó ahọ́n àti èrìgì, ọyún tí ó wà nísàlẹ̀ yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọdún tó kọjá, mo dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì kan ní Adó. Ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn polówó oògùn akokoro. Ìgò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun funfun tín-ín-tìn-ìn-tín ń léfòó nínú omi inú rẹ̀, ó ní kòkòrò tí òun yọ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni. Mo bi í pé irúgbìn wo ni. Ó wò mí, ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Obìnrin kan tí ó fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ìgò oògùn méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ wa tó kún.