Apá Tí Ọkọ̀ Ń Tọ̀ ní Ààlà Wa

Àdéhùn tí ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni ó la ilẹ̀ Kétu sí méjì: ìlú Kétu gan-an bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìpín yìí, èdè ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. Apá tí ọkọ̀ ń tọ̀ lójú títì wà nínú ogún náà pẹ̀lú.

Ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn láti Kétu lọ sí Ìmẹ̀kọ kò ní apá kan tí ó gbọdọ̀ tọ̀. Ẹrù orí rẹ̀ ni ó ń pinnu bí yóò ti yára tó. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó sọ ọ̀rọ̀ apá di òfin. Ní Dàhòmì àti Tógò, apá ọ̀tún ni. Ní Nàìjíríà àti Gánà, apá òsì. Awakọ̀ tí ó ti Àjàṣẹ́ gba Ìgòló wọ Ìdìrókò ní láti bọ́ sí òdìkejì títì kí ó tó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀.

Ewu ibẹ̀ ju bíbọ́ sí òdìkejì lọ. Ọkọ̀ tí a ṣe fún apá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó sí. Bí ó bá dé ibi tí wọ́n ti ń tọ apá òsì, ẹ̀gbẹ́ igbó ni ó wà. Bí ó bá fẹ́ kọjá lára ọkọ̀ akẹ́rù, kò ní rí ẹni tí ń bọ̀ níwájú àfi bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yọ sí àárín títì tán. Ojú ẹni tí ó jókòó tì í ni ó fi ń ríran. Ọlọgbọ́n á kúkú rọra tẹ̀lé akẹ́rù náà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún. Gánà tẹ̀lé e ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974. Lójú tiwa, ìpinnu ìjọba tí ó ṣe ará ààlà láǹfààní tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Síbẹ̀, ìrìn-àjò kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ìpíndọ́gba eré kọ́ ni ohun tí aago ọkọ̀ ń tọ́ka sí bí a ti ń sáré. Iye kìlómítà tí a rìn ni, tí a fi gbogbo wákàtí tí a lò pín, àti ti ìdúró pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀nà kan tí ó gba ẹnubodè kọjá jẹ́ 60 kìlómítà, ọkọ̀ sì ń sá 90 ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú 40 ni yóò fi rìn ín. Bí ó bá dúró fún ìṣẹ́jú 80 nídìí okùn àwọn aṣọ́bodè, wákàtí méjì ni ó lò, ìpíndọ́gba eré rẹ̀ sì di 30 péré. Bí awakọ̀ bá wá fi ìbínú sá 120 ní gbogbo ọ̀nà náà, ìṣẹ́jú 10 ni yóò jèrè. Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 gbà wá láàyè láti wọ ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n okùn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ eré àsápajúdé tí a ń rí lẹ́yìn ẹnubodè, ìṣẹ́jú 10 yẹn ni wọ́n ń lé.